Ará Àgbà àti Ìbuwọ́lù Olórùka Mẹ́ta

Ọjọ́ tí Galderic akéde kọ́kọ́ gbọ́ pé ìlú Pedrafosca yóò ṣe owó tirẹ̀, àlùbọ́sà kan ni ó wà lọ́wọ́ alága ìlú. Ọdún kejì ogun ni, ní àsìkò ìkórè àjàrà. Àwọn ọmọkùnrin ìlú ti lọ sójú ìjà, owó fàdákà sì ti lọ sábẹ́ ilẹ̀. Kò sí ẹni tí ó mọ ibi tí fàdákà wọlẹ̀ sí, àfi onílé kọ̀ọ̀kan tí ó gbẹ́ kòtò tirẹ̀. Owó bàbà tẹ̀lé e. Nígbà tí ó yá, bí ènìyàn bá ra nǹkan, ohun tí olùtajà bá rí nítòsí ni ó fi ń ṣe ṣẹ́ńjì: ẹyin, ẹ̀kúnwọ́ álímọ́ńdì, tàbí ìgbín wẹ́wẹ́ nínú ife.

Lọ́jọ́ náà, òtútù mú ìyàwó alága, alága fúnra rẹ̀ ni ó sì lọ ra búrẹ́dì lọ́dọ̀ Tecla, ìyàwó Galderic, tí ó ni ààrò kan ṣoṣo tí ó wà nílùú. Ó gbé péséta fàdákà kan kalẹ̀ bí ẹni gbé odindi ìlú kalẹ̀. Tecla fún un ní búrẹ́dì, ẹyin méjì, àti àlùbọ́sà.

"Kí ni èyí?" ni alága bi í.

"Ṣẹ́ńjì yín ni, Ará Àgbà. Bí ẹ bá fẹ́, mo lè fi ìgbín pààrọ̀ àlùbọ́sà, ṣùgbọ́n ìgbín á máa rìn lọ́wọ́ yín."

Ẹ má jẹ́ kí orúkọ yẹn rú yín lójú. Nígbà tí ogun bẹ̀rẹ̀, àṣẹ dé pé kò sí ọ̀gá mọ́, kò sí ẹrú mọ́, ará ni gbogbo wa, kí oníkálukú máa pe ẹnì kejì rẹ̀ ní Ará. Eudald Rocabruna, alága Pedrafosca, tẹ́wọ́ gba àṣẹ náà tọkàntọkàn. Ó ní kí wọ́n máa pe òun ní Ará Àgbà.

Ará Àgbà gba àárín gbàgede ìlú kọjá pẹ̀lú ẹyin lápò àti àlùbọ́sà lọ́wọ́. Àwọn tí ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé wáìnì dìde, wọ́n ṣí fìlà.

"Ẹ kú ẹrù o, Ará Àgbà," ni ọ̀kan nínú wọn wí.

Galderic ń gbálẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn ìlú. Òun ni akéde, òun ni ó ń mú ọ̀mùtí, òun náà ni ó ń gbálẹ̀. Alága dúró síwájú rẹ̀, ó gbé àlùbọ́sà náà sókè.

"Galderic, ìlú tí olórí rẹ̀ bá ń gbé àlùbọ́sà kọjá lójú gbogbo ènìyàn, ìlú náà ti kú, ìsìnkú ló kù. A ó ṣe owó."

"Òtítọ́ ni, Ará Àgbà," ni Galderic dáhùn. Alága mẹ́ta ni ó ti fi gbólóhùn yìí sìn. Kò tíì sí èyí tí ó dùn ún lẹ́nu tó ti Eudald, nítorí Eudald kì í jẹ́ kí ó sinmi.

Ní ìrọ̀lẹ́, ìgbìmọ̀ ìlú pé. Eudald dìde. Ó fi àtàǹpàkò bọ àpò kóòtù rẹ̀, ó sì wo òrùlé fún ìgbà díẹ̀, bí ẹni tí ó fẹ́ kí òrùlé múra sílẹ̀.

"Ẹ̀yin ará mi," ni ó wí, "àwọn ìlú tí ó yí wa ká ti ṣe owó bébà tiwọn. Mo ti rí i. Òǹtẹ̀ rọ́bà ni wọ́n lù sí i lára, bí ẹni ń sàmì sí àgbò. Pedrafosca kò ní ṣe bẹ́ẹ̀. Owó wa, ìbuwọ́lù ni yóò wà lórí rẹ̀. Ìbuwọ́lù ta ni? N kò ní sọ, nítorí ìtìjú kò jẹ́."

"Tiyín ni," ni Fructuós apòògùn wí, ẹni tí kì í jẹ́ kí ìtìjú pẹ́ lọ́rùn alága.

Ní ilẹ̀ wa, orúkọ lásán kì í ṣe ìbuwọ́lù. Ẹni tí ó bá kọ orúkọ rẹ̀ tí kò fa ìlà tí à ń pè ní ìrù sábẹ́ rẹ̀, ó dà bí ẹni tí ó jáde síta láìwọ ṣòkòtò. Baba ni ó ń kọ́ ọmọ ní ìrù tirẹ̀, bí ènìyàn bá sì ti ń ga sí i ni ìrù ń gùn sí i. Ti Eudald, ó bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí orúkọ parí, ó padà sẹ́yìn, ó kọjá lábẹ́ gbogbo rẹ̀, ó wá lọ́ ní òrùka mẹ́ta, ọ̀kan nínú ìkejì, ìkejì nínú ìkẹta. Lẹ́yìn náà, ààmì tótó méjì bí orí abẹ́rẹ́, tí ẹnikẹ́ni kò mọ iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Kí Eudald tó fà á tán, ènìyàn lè mu ife wáìnì kan, kí ó sì fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹnu.

"Bí wọ́n bá rí ìrù yìí ní Barcelona," ni Fructuós wí, "wọ́n á ní kí ẹ máa bọ̀ wá buwọ́ lu owó gbogbo orílẹ̀-èdè."

"Wọ́n á ní kí n wá," ni Eudald dáhùn, "ṣùgbọ́n n kò ní lọ. Pedrafosca kò lè dá gbé."

Lọ́jọ́ kejì, Galderic fun fèrè idẹ rẹ̀ ní gbogbo orígun ìlú, ó sì kéde. Kí gbogbo ènìyàn kó fàdákà wọn wá sínú àpótí irin tó wà ní gbọ̀ngàn ìlú, wọn yóò gba bébà iye kan náà. Ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ fàdákà rẹ̀ padà, kí ó kó bébà wá. Ìbuwọ́lù Ará Àgbà yóò wà nínú férémù lára ògiri, Fructuós apòògùn, Olùṣọ́ Òrùka, yóò sì máa fi bébà kọ̀ọ̀kan wé e. Bébà tí kò bá ní òrùka mẹ́ta, ayédèrú ni. Ẹni tí ó bá kọ ọ́, ẹni yòówù kí ó jẹ́, àtìmọ́lé ni yóò wọ̀, a kò sì ní gba ẹ̀bẹ̀.

"Ẹni yòówù kí ó jẹ́," ni Eudald tún wí láti ojú fèrèsé, nítorí ibẹ̀ dùn mọ́ ọn.

Fàdákà wà nínú ilé Galderic náà, nínú ìkòkò òróró ólífì. Owó ìyẹ̀fun ni. Lọ́dọọdún, kí yìnyín tó dí ọ̀nà òkè, Tecla a lọ ra ogójì àpò lọ́dọ̀ Bonifaci, ọlọ́lọ tí ó wà ní ìkọjá odò. Bonifaci kì í gba nǹkan mìíràn bí kò ṣe fàdákà. Ìyẹ̀fun yẹn ni gbogbo ìlú ń jẹ títí òtútù fi ń lọ.

"Gbé e lọ," ni Galderic wí fún un. "Ìyàwó akéde ni ọ́. Bí ìwọ kò bá gbé tìrẹ lọ, ta ni yóò gbé tirẹ̀ lọ?"

"Ẹni tí orí rẹ̀ kò pé."

"Ọjọ́ tí o bá ń lọ ra ìyẹ̀fun, wàá kó bébà wá, wọ́n á kó fàdákà fún ọ. Èmi fúnra mi ni mo kéde rẹ̀."

"Ìwọ náà lo kéde pé ogun máa parí kí Kérésìmesì tó dé."

"Wọn kò sọ Kérésìmesì èwo fún mi."

Tecla gbọn ìyẹ̀fun kúrò lápá. "Gbọ́, Galderic. Owó yìí kì í ṣe tèmi, kì í sì í ṣe tìrẹ. Búrẹ́dì gbogbo ìlú ni, títí álímọ́ńdì á fi tanná lópin òtútù. Bí ó bá sọnù, ìwọ ni màá pò mọ́ omi, màá sì tì ọ́ sínú ààrò."

"Kò ní sọnù."

Ó gbé e lọ. Nígbà tí àwọn yòókù rí i pé Tecla gbé tirẹ̀ lọ, wọ́n wú kòtò wọn, wọ́n gbé tiwọn náà wá.

Ẹgbàajì bébà dé láti ilé ìtẹ̀wé nínú àpótí méjì lẹ́yìn ìbaaka. Òǹtẹ̀wé náà, ẹni pẹ̀lẹ́ kan, fi ẹ̀bùn kékeré sí i: òǹtẹ̀ rọ́bà tí ó gbẹ́ ìbuwọ́lù Ará Àgbà sí, òrùka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pé, ààmì tótó méjèèjì wà níbẹ̀. Ó kọ ọ́ pé kò ní gba owó lórí rẹ̀, pé ọwọ́ ènìyàn kì í ṣe irin.

Eudald fi ìka méjì gbé òǹtẹ̀ náà bí ẹni gbé òkú eku.

"Galderic, lọ jù ú sínú kànga."

"Òtítọ́ ni, Ará Àgbà." Galderic sì lọ jù ú sínú kànga gbàgede. Ó dúró títí ó fi gbọ́ ìró rẹ̀ nínú omi, nítorí òṣìṣẹ́ tó mọ iṣẹ́ ni.

Wọ́n gbé tábìlì sábẹ́ igi ńlá àárín gbàgede, kí aráyé lè rí bí owó ti ń di owó. Eudald jókòó, ó ká ọwọ́ ẹ̀wù sókè, ó bẹ̀rẹ̀ sí buwọ́ lù ú. Galderic ń fi bébà tí ń fa tàdáwà gbẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ọgọ́rùn-ún bá ti pé, Galderic a fun fèrè, àwọn ènìyàn a pàtẹ́wọ́. Ní ọgọ́rùn-ún kìíní, gbogbo ìlú ni ó wà níbẹ̀. Ní ìkẹrin, ẹ̀wà ti jóná nílé àwọn tí ó kọ́kọ́ dé. Ní ìkẹwàá, Fructuós nìkan ni ó ń pàtẹ́wọ́, ó sì ń fi àyè sílẹ̀ láàrin àtẹ́wọ́ kí ó lè dà bí ti èrò púpọ̀.

"Ọwọ́ kọ́ nìyẹn," ni Fructuós wí, tí ó ń fi òróró kánfọ̀ pa á lápá. "Ilé iṣẹ́ ni."

Lọ́jọ́ kẹta, ilé iṣẹ́ náà ti ìlẹ̀kùn. Apá wú, ìka ká kò bí ẹsẹ̀ adìyẹ tó kú, wọ́n sì ní láti yọ kálámù kúrò láàrin wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń gba eegun lẹ́nu ajá. Láti ọjọ́ náà, ìyàwó Ará Àgbà ni ó ń fi ṣíbí bu ọbẹ̀ sí i lẹ́nu. Ìdajì bébà ṣì wà nínú àpótí láìní ìbuwọ́lù.

Ẹ ó ní kí ló dé tí kò ní kí ẹlòmíràn bá òun kọ ọ́. Ìbéèrè ẹni tí kò mọ Eudald nìyẹn. Ó mú kálámù sọ́wọ́ òsì.

Galderic gbé bébà kìíní, ó gbé e sún mọ́ ojú, ó gbé e jìnnà. "Ará Àgbà, òrùka kan àti ààbọ̀ ni mo rí níbí."

"Ìkejì wà lẹ́yìn ìkíní."

"Ìkẹta ńkọ́?"

"Ó ń bọ̀ lọ́nà."

"Òtítọ́ ni," ni Galderic wí, ó sì fi bébà tí ń fa tàdáwà gbẹ ẹ́. Ohun tí ó gbẹ náà jọ ìgbín tí kẹ̀kẹ́ gùn mọ́lẹ̀.

Báyìí ni owó méjì ṣe wọ ìlú: owó ọwọ́ ọ̀tún àti owó ọwọ́ òsì. Gbogbo ènìyàn ni ó mọ èyí tí ó dára jù. Ṣùgbọ́n nínú ọdún yẹn, ní ilẹ̀ tí ìjọba tí wọ́n ń pè ní òsì ń bá àwọn ológun tí wọ́n ń pè ní ọ̀tún jà, ta ni yóò dúró ní gbàgede kí ó kígbe pé ọ̀tún ni òun fẹ́? Nítorí náà, gbogbo wọn ń yin òsì ní gbangba, wọ́n sì ń yára ná an. Ọ̀tún ń lọ sí ibi tí fàdákà ti jáde, lábẹ́ ilẹ̀. Òsì ń lọ sọ́dọ̀ Tecla, nítorí kò sí ẹni tí kì í jẹ búrẹ́dì. Kò pẹ́, ọ̀tún tirẹ̀ ti bá ṣẹ́ńjì lọ, dúrọ́ọ̀ rẹ̀ sì kún fún ìgbín tí kẹ̀kẹ́ gùn.

Ní Ọjọ́bọ̀ kan, Bonifaci ọlọ́lọ ránṣẹ́ sí i. Ó ní ọkọ̀ akẹ́rù àwọn ọmọ ogun ń bọ̀ ní Sátidé láti ra gbogbo ìyẹ̀fun tí ẹnikẹ́ni kò bá tíì san owó rẹ̀. Ó ní kí Tecla má bínú, pé òun lè bá obìnrin jà, ṣùgbọ́n òun kò lè bá ọkọ̀ akẹ́rù jà.

Ní òwúrọ̀ Ẹtì, Tecla da bébà sínú aṣọ tí ó so mọ́ iwájú, ó wọ gbọ̀ngàn ìlú, ó sì dà á sórí tábìlì Olùṣọ́ Òrùka. Fructuós gbé awò rẹ̀ sójú. Ó wo bébà, ó wo férémù. Ó tún wo bébà.

"Tecla, òrùka kò pé níbí. Ayédèrú ni."

"Ta ló ṣe é?"

Fructuós wo òrùlé. "Òfin kò ní kí n mọ ẹni tó ṣe é. Òrùka ló ní kí n kà."

Ará Àgbà jáde láti inú yàrá rẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ nínú aṣọ sẹ́dà dúdú tí ó so mọ́ ọrùn. "Èmi ni mo ṣe é. Ọwọ́ òsì mi ni."

"Mo mọ ọwọ́ òsì yín, Ará Àgbà, mo sì bọ̀wọ̀ fún un," ni Fructuós wí. "Ṣùgbọ́n òun kọ́ ló wà nínú férémù."

Ohun tí ó pa Fructuós pọ̀ mọ́ òfin ni pé oyè tí Eudald fún un dùn mọ́ ọn ju Eudald fúnra rẹ̀ lọ. Irú èyí kì í ṣe àjèjì.

"Ó dáa," ni Tecla wí. "Ẹnu yín kò wú, Ará Àgbà. Ẹ fi ẹnu sọ pé kí wọ́n ṣí àpótí."

"Àṣẹ tí a fi òrùka mẹ́ta gbé kalẹ̀, òrùka mẹ́ta ni a fi ń gbé e kúrò," ni Eudald dáhùn. "Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, a ó padà sí ayé àlùbọ́sà."

Ìgbà náà ni Galderic rántí òǹtẹ̀ rọ́bà.

"Ṣé o jù ú sínú kànga lóòótọ́?" ni Tecla bi í.

"Àṣẹ ni."

"Ọjọ́ tí mo ní kí o gbé eérú jù, ọjọ́ mẹ́ta ló fi wà lẹ́nu ọ̀nà."

Wọ́n sọ korobá sínú kànga títí ọ̀sán fi pọ́n. Wọ́n fa ọ̀pọ̀lọ́ jáde, wọ́n fa ṣíbí jáde, wọ́n fa òrùka ìgbéyàwó ẹnì kan jáde, èyí tí ó dá ìjà mìíràn sílẹ̀ tí kò kan ìtàn yìí. Wọn kò rí òǹtẹ̀.

Tecla padà wọlé, ọwọ́ rẹ̀ ń kán omi. Àwọn ènìyàn tẹ̀lé e, wọ́n kún ẹnu ọ̀nà. Kò pe alága ní Ará Àgbà mọ́.

"Baba, ẹ gbọ́. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni. Ẹ sọ pé ìrù yẹn, ìrù lásán ni. Galderic á fi òòlù fọ́ àgádágodo yìí, màá sì dé ọ̀dọ̀ Bonifaci kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹnikẹ́ni kò ní fi yín ṣẹ̀sín."

Irọ́ ni ó pa níbẹ̀. Gbogbo ìlú ni ì bá fi í ṣẹ̀sín. Ṣùgbọ́n wọn ì bá jẹun yó kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀.

Eudald wo férémù lára ògiri. Oòrùn ń tàn sí dígí rẹ̀, òrùka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń dán. Ó wò ó bí ẹni tí ń wo ọmọ tí wọ́n ní kí ó sẹ́.

"Galderic," ni ó wí, "ka òfin."

Galderic kà á.

"Ẹni yòówù kí ó jẹ́?"

"Ẹni yòówù kí ó jẹ́, Ará Àgbà."

"Ta ni ó kọ òrùka tí kò pé?"

Galderic la ẹnu láti sọ pé òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n ìbéèrè kò gbà á. "Ẹ̀yin ni," ni ó wí.

"Ǹjẹ́ mú mi. Kí ayé mọ̀ pé ní Pedrafosca, kò sí ẹni tí ó lè fi òrùka Eudald Rocabruna ṣeré, títí kan Eudald Rocabruna."

Fructuós pàtẹ́wọ́. Ó ti mọ́ ọn lára.

Òòlù wà lórí ìṣó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlẹ̀kùn. Kọ́kọ́rọ́ àtìmọ́lé wà lórí ìṣó kejì. Tecla wo òòlù, ó sì wo ọkọ rẹ̀.

"Galderic," ni ó wí jẹ́jẹ́.

Galderic gbọ́ ọ. Ó mọ ohun tí ó ń bi í. Ó na ọwọ́, ọwọ́ náà sì lọ sí ibi tí ó ti ń lọ láti ìgbà alága mẹ́ta. Ó mú kọ́kọ́rọ́. Eudald ṣíwájú rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lọ sí àtìmọ́lé, ó gbé àyà síta, ó sì bi í bóyá yóò fun fèrè.

Ó fun ún.

Ní Sátidé, àwọn tí ó wà lórí òkè rí eruku ọkọ̀ akẹ́rù ní ìkọjá odò. Ọkọ̀ mẹ́ta ni. Wọ́n lọ sí ilé ọlọ ní fífúyẹ́, wọ́n sì rọra ń bọ̀ nígbà tí wọ́n ń padà. Tecla dúró lẹ́nu ọ̀nà ààrò rẹ̀ títí eruku fi rọlẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó wọlé lọ gbá eérú.

Kò pẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ ni òṣìṣẹ́ ìjọba kan dé, ọ̀dọ́kùnrin tí imú rẹ̀ ń ṣomi. Ó ní ìjọba ti fòpin sí gbogbo owó ìlú kéékèèké, kí wọ́n gbé fàdákà jáde fún ìnáwó ogun. Fructuós bẹ̀rẹ̀ sí ṣàlàyé òrùka fún un. Ọ̀dọ́kùnrin náà ní kí wọ́n bá òun mú òòlù. Ó lu àgádágodo lẹ́ẹ̀mejì, ó já. Ó kó fàdákà, ó kọ ìwé ẹ̀rí, ó sì fi òǹtẹ̀ rọ́bà lù ú.

"Alága yín dà?" ni ó bi wọ́n.

"Ó wà ní àtìmọ́lé," ni Galderic dáhùn. "Ó ṣe ayédèrú owó."

"Ta ló fi í sùn?"

"Òun náà ni."

Ọ̀dọ́kùnrin náà kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ní kí Galderic tún un sọ, ó tún un kọ. Lẹ́yìn náà ó kọ ìwé tí ó fi yọ Eudald nípò, ó lu òǹtẹ̀ sí ìyẹn náà. Eudald kà á láàrin irin ìlẹ̀kùn, ó ní kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, òǹtẹ̀ rọ́bà ni wọ́n lù sí i.

Nígbà tí wọ́n mú un jáde, wọ́n rí ògiri ẹ̀yìn rẹ̀. Ó ti fi èédú buwọ́ lù ú láti òkè dé ilẹ̀, pẹ̀lú ọwọ́ ọ̀tún, òrùka mẹ́ta, ààmì tótó méjì. Ọwọ́ náà ti yá láti ọjọ́ Àìkú. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni, ó ní ẹnikẹ́ni kò kọ̀wé béèrè.

Tecla kò po Galderic mọ́ omi, kò sì tì í sínú ààrò. Ààrò kò gbóná. Bí Galderic bá sọ̀rọ̀ nínú ilé, "Òtítọ́ ni" ni ìyàwó rẹ̀ ń dá a lóhùn, kò sì fi nǹkan mìíràn kún un.

Ohun tí Pedrafosca pàdánù nìyí: ogójì àpò ìyẹ̀fun. Gbogbo fàdákà tó wà nínú àpótí irin. Ẹgbàajì bébà, tí wọ́n fi dáná. Àgádágodo kan. Alága kan. Òǹtẹ̀ rọ́bà kan, tuntun, tí ẹnikẹ́ni kò lò rí. Àgbàlagbà méjì àti ọmọ ọwọ́ kan, kí álímọ́ńdì tó tanná.